Ẹ Bi Wá, Ká Fèsì: Mo Ti Fẹ̀yìntì, Kí Ló Kù Tí Mo Lè Ṣe?

Lẹ́tà tó dé ọwọ́ wa lóṣù yìí pọ̀ gan-an, àmọ́ bí mo ṣe ń kà wọ́n lọ mo rí i pé ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bèèrè. Àwọn àgbà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, tí àwọn ọmọ ti bá tiwọn lọ, tí ilé wá dákẹ́, tí nǹkan sì kún inú wọn tí wọn ò mọ ẹni tí wọ́n máa sọ ọ́ fún. Torí náà mo kó márùn-ún jọ síbí, mo gé àwọn míì kúrú, mo sì yọ orúkọ gbogbo wọn kúrò.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 67 ni mí, Iléṣà ni mò ń gbé. Tíṣà ni mí, ọdún 35 ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìntì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kúrò inú mi dùn, mo sùn dáadáa, mo tún òrùlé ṣe, mo dá oko díẹ̀. Àmọ́ ní báyìí mi ò mọ ohun tí mò ń jí ṣe mọ́. Ìyá wọn wà ní Kánádà lọ́dọ̀ ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn ọkùnrin wà l'Ékòó, wọ́n ń fowó ránṣẹ́, wọ́n sì ń pè mí ní ọjọ́ Sunday. Fàràńdà ni mo máa ń jókòó sí tí màá máa wo àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń ti sùkúù bọ̀, àwọn míì ti wà ní SS2 wọn ò lè ka ojú ìwé Yorùbá kan já, ó máa ń dùn mí. Ó wù mí kí n kọ ìwé nípa ìgbésí ayé mi, mo ti ra nóòtù ńlá kan, àmọ́ tí mo bá ti kọ "A bí mi ní ìlú Iléṣà", ó parí nìyẹn. Ta ló tiẹ̀ máa ka ìwé tíṣà lásán? — Bàbá Tíṣà, Iléṣà

Bàbá, ẹ kú àdáwà o. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé "tíṣà lásán" yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí mi ò gbà á rárá. Iṣẹ́ ìjọba lẹ fẹ̀yìntì níbẹ̀, ẹ ò fẹ̀yìntì nínú ohun tẹ́ ẹ mọ̀. Ìjọba gan-an ti ń rí i bẹ́ẹ̀ báyìí, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí l'Ábùjá lọ́dún 2022 ti sún ìfẹ̀yìntì tíṣà kúrò ní ọdún 60 ọjọ́ orí tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, ó ti di 65 tàbí 40, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló máa gbà á wọlé fún àwọn tíṣà tiẹ̀. Ẹ̀yin ti kúrò kí òfin yẹn tó dé, àmọ́ ohun tó ń sọ kàn yín: ẹni tó ti fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ṣì ní nǹkan tó pọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé yín wá ńkọ́? Ibi tẹ́ ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wàhálà wà. Tẹ́ ẹ bá kọ "A bí mi ní ìlú Iléṣà", ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Kò séèyàn kankan níwájú yín. Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé fún gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ ẹ fi ọmọ SS2 kan síwájú tó ń bi yín pé bàbá, nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báwo ni sùkúù wa yìí ṣe rí, ẹ máa rí i pé ilẹ̀ á ṣú bá yín lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé nǹkan méjì tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ bíi pé wọ́n yàtọ̀ síra, ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ kọ àti àwọn ọmọ tó ń kọjá níwájú ilé, iṣẹ́ kan náà ni. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ìwé á tẹ̀lé e.

Ẹ mú ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ má kó ogún jọ, tẹ́ ẹ bá kó ogún jọ lẹ́sìnnì ló máa dà, ẹ sì ti ṣe ìyẹn tó láyé yín. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá òbí wọn nílé, kẹ́ ẹ ṣàlàyé, kí wọ́n gbà tọkàntọkàn. Fàràńdà yín tí gbogbo àdúgbò ń rí yẹn ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má bá ọmọ ọlọ́mọ wọ yàrá, kí àgbàlagbà míì sì máa wà nítòsí, torí èyí ń dáàbò bo ọmọ, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀yin náà. Ẹ mú ọjọ́ kan àti aago kan, bóyá Saturday ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ má yẹ̀ ẹ́, torí ọmọ tó bá ti dé lẹ́ẹ̀kan tí kò bá yín nílé ó lè má padà wá mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ló máa ń le jù fún ẹni tó bá ti ṣe tíṣà pẹ́. Kéèyàn kọ́ ọmọ ní kíláàsì yàtọ̀ sí kéèyàn mú ọmọ mọ́ra kó máa tọ́ ọ sọ́nà. Ní kíláàsì ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀, ọmọ á máa gbọ́. Níbí, ọmọ ló yẹ kó sọ̀rọ̀ jù. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń dà á láàmú, kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ dákẹ́ dáadáa o. Tó bá lóun ò fẹ́ lọ yunifásítì, pé iṣẹ́ fóònù títúnṣe lòun fẹ́ kọ́, ẹ má tíì bá a wí, ẹ bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló ti rí i, kí ló fẹ́ràn níbẹ̀, báwo ni ọ̀gá yẹn ṣe ń jẹun. Mo ti rí àgbà tí ọgbọ́n pọ̀ nínú ẹ̀ rẹpẹtẹ tí ọmọdé kan ò jẹ́ sún mọ́, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kò ju "nígbà tiwa, nígbà tiwa" lọ. Àwọn ọmọ fẹ́ gbọ́ nípa ìgbà tiyín o, wọ́n fẹ́ ẹ gan-an ni, àmọ́ ẹ jẹ́ káwọn fúnra wọn bèèrè.

Tí wọ́n bá wá bèèrè, ẹ fèsì, kó tó di pé ẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ kọ èsì náà sínú nóòtù ńlá tẹ́ ẹ rà. Ojú ìwé kan ti tó. Ẹ ò ní kọ "A bí mi" mọ́, ẹ máa kọ ìbéèrè ọmọ yẹn sókè, kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn sísàlẹ̀, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ rí ohun tẹ́ ẹ ní. Ẹni ọdún 67 tó ṣe tíṣà fún ọdún 35, á jẹ́ pé kò ní jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tẹ́ ẹ wọṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Iléṣà ṣì wà nígbà yẹn. Láti 1979 tí ẹgbẹ́ òṣèlú UPN ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ni àwọn ọmọ ti ń ya wọ sùkúù tí àyè ò gbà wọ́n, ẹ̀yin lẹ bá wọn níbẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ṣì tutù nígbà yẹn, JSS ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n ní kí ọmọ máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ ìwé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bóyá irinṣẹ́ dé tàbí kò dé. Ẹ wà níbẹ̀ ní August 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Kí ló yí padà ní sùkúù yín lọ́sẹ̀ yẹn? Kí lẹ jẹ lọ́sàn-án? Èwo nínú àwọn ọmọ kíláàsì yín tí gbogbo èèyàn ní kò lè mọ̀wé ló wá di èèyàn, kí lẹ sì ṣe fún un? Kò sí èsì ìbéèrè yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú yín ló wà.

Ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń bí sí Iléṣà báyìí ni ò lè sọ ọ́ dénú. Ẹ fún wọn níṣẹ́, kí wọ́n lọ bi ìyá àgbà wọn ní ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà mẹ́wàá tí wọn ò gbọ́ rí, kí wọ́n mú un wá lọ́jọ́ Saturday, kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Àwọn òṣómàáló tí wọ́n ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn tí wọ́n sì ń padà lọ gbowó, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá tó ṣe é. Ẹ kọ orúkọ ìlú tí wọ́n dé, irú aṣọ tí wọ́n tà, ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ́hùn-ún, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba gbèsè wọn. Tọ́mọ yẹn bá fi èyí kọ àròkọ ní WAEC, ẹ rò ó wò ná.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọjọ́ orí dẹ́rù bà yín. July 1934 ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká. Nígbà tí ìwé ìtàn àròsọ gígùn wọn kẹta máa jáde kárí ayé ní 2021 wọ́n ti di ẹni ọdún 87, èkejì sì ti jáde láti 1973. Mi ò ní kẹ́ ẹ di Ṣóyínká. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó máa gba báírò lọ́wọ́ yín torí pé ẹ ti lé ní 60.

Nǹkan kan tún wà tí inú mi dùn sí nígbà tí mo gbọ́ nípa ẹ̀. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ Experience Corps, wọ́n kó àwọn ẹni ọdún 60 sókè lọ sí sùkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 15 lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa ran àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ lórí ìwé kíkà. Nígbà táwọn olùwádìí tẹ̀lé wọn, wọ́n rí i pé àwọn àgbà yẹn fúnra wọn ń gbéra, wọ́n ń rìn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò nílò ètò ńlá tó bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà, ọmọ mẹ́ta àti àga mẹ́rin ti tó.

Aunty, ẹ kú iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, mo fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọkọ mi kú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n máa kọ ohun tó wà lọ́kàn mi sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ ọ́ ni mò ń sunkún, àwọn ọmọ mi wá ní kí n jáwọ́. Bákan náà, àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tí wọ́n kọ́ṣẹ́ lábẹ́ mi ṣì máa ń pè mí lórí WhatsApp tí nǹkan bá ti le, mi ò mọ̀ bóyá kí n máa dá wọn lóhùn torí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. — Ìyá Agbẹ̀bí, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ará fẹ́ra kù o, màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ̀yìn bàbá á dáa.

Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé kí wọ́n fi yín sílẹ̀ ná. Ẹkún tẹ́ ẹ ń sun nígbà tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé kì í ṣe àmì pé ìwé yẹn ń ṣe yín ní ibi. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, James Pennebaker, tẹ ìwádìí kan jáde pẹ̀lú ẹnì kejì ẹ̀ ní 1986. Wọ́n ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan kọ nípa ohun tó dùn wọ́n jù láyé wọn, ìṣẹ́jú 15 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin tẹ̀léra, wọ́n sì ní káwọn míì kọ nípa nǹkan tí kò kan ọkàn wọn. Àwọn tó kọ ohun tó dùn wọ́n, inú wọn bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀ ju àwọn ìyókù lọ, àmọ́ nígbà tí oṣù ń gorí oṣù, àwọn náà ni wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ rí i pé ẹkún wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹkún ló gbẹ̀yìn ẹ̀.

Ẹ ṣe é níwọ̀n ṣá. Ẹ fi aago sí i, ìṣẹ́jú 15, tó bá dún ẹ pa ìwé dé kẹ́ ẹ dìde lọ gbé omi kaná tàbí kẹ́ ẹ lọ kí aládùúgbò. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́, kó má jẹ́ òru tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kà á, ẹ lè fà á ya tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ, ẹ kọ ọ́ sí bàbá, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí fún wọn, ohun tí ọmọ-ọmọ ṣe, iye tí tòmátì dé lọ́jà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé oorun ò wá mọ́, oúnjẹ ò lọ, tẹ́ ẹ̀ ń rò ó pé ayé ò wúlò, ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá ìwé kíkọ, ẹ lọ rí dókítà. Abẹ́òkúta lẹ wà, ilé ìwòsàn Arò tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ Arò bú èèyàn lójú títì ò dáa rárá, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń dùn ún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú bí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dá.

Tàwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa dá wọn lóhùn! Wọ́n nílò yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kàn fi ààlà sí i. Ẹ má pàṣẹ oògùn tàbí ìtọ́jú fún aláboyún tẹ́ ẹ ò fojú rí, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n pa fóònù kí wọ́n pe dókítà tàbí ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni èyí tí kò sí nínú ìwé tí wọ́n kà. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ìyá kan pé ọmọ ò yè? Báwo lèèyàn ṣe ń bá ìyá ọkọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo sọ̀rọ̀? Kí ni nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ṣe lálẹ́ tí ẹ̀rù bá ń bà á tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀? Ẹ ti wà níbẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ti fọhùn fún wọn tán, ẹ tọ́jú ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan bá yín tẹ̀ ẹ́, ìwé tó máa wúlò fún agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ o, màmá, àṣírí aláboyún kì í ṣe tiyín láti kọ. Ẹ yí orúkọ padà, ẹ yí ìlú padà, ẹ yí ọdún padà, tí ìtàn kan bá sì wà tí ẹni tó ni ín máa mọ ara ẹ̀ níbẹ̀ bó ti wù kẹ́ ẹ yí i tó, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ti ń ṣe láti kékeré, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Mi ò kàwé. Mo ti lé ní 70, ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n, mi ò lè mú ìyẹ́ dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ tí mo bí ò kọ́ iṣẹ́ náà. Mi ò fẹ́ kí ohun tí mo mọ̀ bá mi lọ. Ṣé ẹni tí ò mọ̀wé lè kọ̀wé? — Ìyá Aláró, Òṣogbo

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ aró o. Ó ṣeé ṣe, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ọ̀mọ̀wé ń tọ́ka sí dòní, Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ ló kọ ọ́, àmọ́ ẹnu àwọn àgbà ló ti gbọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, ó sì dárúkọ wọn síbẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni David Kukọmi ní Ìbàdàn, òmíràn ni Lágùnjú tó jẹ́ Tìmì Ẹdẹ. Ẹdẹ yìí náà ni o, tí kò jìnnà sí yín. Wọ́n sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ̀wé kọ ọ́, ọ̀rọ̀ wọn wà nílẹ̀ dòní. Torí náà ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ òǹkọ̀wé, ọmọ-ọmọ yín yìí á jẹ́ akọ̀wé yín.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ sí ìwé yẹn tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Ọdún 1897 ni Johnson kọ ọ́ tán, wọ́n fi ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní Ìlú Ọba ní 1899, ìwé náà sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901 kò fojú rí i. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, ọdún 1921 ló tó jáde. Ọmọ-ọmọ màmá, ìwọ ni mo ń bá wí báyìí: ohunkóhun tó o bá gbà sílẹ̀, má jẹ́ kó wà lórí fóònù kan ṣoṣo. Fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ẹ, gbé e sí email, dà á kọ sí kọ̀ǹpútà ẹnì kan, fóònù lè já sómi lọ́la.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni kó o gba ohùn wọn sílẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n jókòó sí pálọ̀. Àgbà tó bá jókòó sí pálọ̀ á sọ pé "a máa ń se ẹ̀kọ, a ó fi ya aṣọ, a ó rẹ ẹ́", ó tán. Àmọ́ tí wọ́n bá wà nídìí ìkòkò, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Béèrè pé láfún tí wọ́n fi ń se ẹ̀kọ yẹn, báwo ló ṣe ń ki tó, ìgbà wo ni álọ́ọ̀mù ń wọ inú ẹ̀. Ewé èlú ńkọ́, ibo ni wọ́n ti ń já a, báwo ni wọ́n ṣe ń gún un, ọjọ́ mélòó ló ń wà nínú omi eérú, òórùn wo ló máa ń rùn tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti tó rẹ aṣọ. Kí ni ìyá wọn máa ń sọ fún òrìṣà Ìyá Màpó kí wọ́n tó ki ọwọ́ bọ aró. Orin wo ni wọ́n ń kọ. Lẹ́yìn náà, tẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ya fọ́tò ẹ̀, kí màmá fìka tọ́ka sí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí wọ́n dárúkọ ẹ̀: Olókun, Ìbàdàndùn tí òpó gbọ̀ngàn Màpó wà lára ẹ̀, àti àwọn tó jẹ́ pé ilé ìyá wọn nìkan ni wọ́n ti ń ya á, àwọn yẹn ni kó o fara balẹ̀ sí jù. Kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, má fi Yorùbá ìwé tún ẹnu wọn ṣe.

Màmá, ẹ̀yin ni mo tún kàn báyìí. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n máa rí nǹkan ṣe sí. Kódà tí kò bá lọ, ojú yín ò gbọ̀n. Ẹ wá ọmọbìnrin kan tí ọwọ́ ẹ̀ dúró, òun á máa yà á, ẹ̀yin á jókòó tì í tẹ́ ẹ máa sọ pé ibí yìí wọ́, ibẹ̀ yẹn fún jù. Òṣogbo tẹ́ ẹ wà yìí náà ni Olóyè Níkẹ Òkúndayé ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti iṣẹ́ ọnà míì lọ́fẹ̀ẹ́, torí náà àwọn tó fẹ́ kọ́ ọ wà nílùú yín, ẹ ní kí ọmọ-ọmọ mú yín lọ sáàárín wọn. Ní báyìí tí àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti òkè òkun ti kún ọjà, ẹni tó lè fi ọwọ́ kan aṣọ kó sọ pé ẹ̀kọ ló wà lára èyí, èyí ò ní ẹ̀kọ, a ò ní wọn púpọ̀ mọ́, a ò sì lè jẹ́ kẹ́ ẹ dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Dádì mi wa bọ́ọ̀sì ní London fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ti fẹ̀yìntì báyìí, wọ́n kàn ń jókòó ti YouTube látàárọ̀ dalẹ́. Mo ní kí wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn, wọ́n ní kí n má yọ àwọn lẹ́nu. — Ọmọ Peckham

Àbúrò, iṣẹ́ tó o gbé fún wọn ti wúwo jù. "Ìtàn ìgbésí ayé" bíi ti ọba tàbí ti gómìnà ló ń dún létí wọn, wọ́n á ní kí làwọn jẹ́. Má dárúkọ ìwé rárá. Fi voice note kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp: "Dádì, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì wo lẹ kọ́kọ́ wà? Ọ̀nà wo ló gbà?" Lọ́jọ́ kejì, béèrè nípa snow tó kọ́kọ́ já lu wọ́n. Béèrè ẹni tó kọ́kọ́ bá wọn sọ Yorùbá nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ohun tí wọ́n sè lálẹ́ tí wọ́n dé láti ibi iṣẹ́, ìgbà tí lẹ́tà láti ilé sọ pé ẹnì kan ti kú tí wọn ò lè lọ. Ìbéèrè kan lóòjọ́, kó kéré. Voice note tí wọ́n bá fi dá ẹ lóhùn, ìwọ ni kó o tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tó bá ti pọ̀ díẹ̀, tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, fún wọn kí wọ́n kà á, kí wọ́n fi báírò tún un ṣe. Àgbà tó bá ti rí ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ lórí pépà tí àṣìṣe wà nínú ẹ̀ kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́.

Tí wọ́n bá gbádùn ẹ̀, mú wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Saturday, ó pọ̀ káàkiri London, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí yín lè mọ èyí tó wà nítòsí. Àwọn tíṣà ibẹ̀ máa ń wá àgbà tó gbọ́ èdè dáadáa tó sì lè jókòó ti ọmọ mẹ́ta kó kàn máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Olóòtú, mo ti kọ ìwé mi tán, ojú ìwé 140. Ẹnì kan ní kí n mówó wá kóun bá mi tẹ 1,000 ẹ̀dà. Ṣé kí n fi owó gíráátì mi ṣe é? — Akọ̀wé Àgbà tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fọwọ́ kan gíráátì. Kí 1,000 ìwé wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó máa ń ba èèyàn nínú jẹ́ débi pé kò ní kọ òmíràn mọ́. Ẹ kọ́kọ́ fún ẹni méjì kà, ọ̀kan tó mọ Yorùbá tó lè yẹ àmì ohùn wò, ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀dọ́ tí kì í ṣe ọmọ yín, kó sọ ibi tó ti sú u fún yín. Ẹ fara mọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá, ẹ ní kí wọ́n ṣírò 50 péré fún yín, ẹ bi ẹni mẹ́ta kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ sì gba ẹ̀dà kan wò kí wọ́n tó tẹ ìyókù. Nọ́ńbà ISBN tó ń wà lẹ́yìn ìwé, ọwọ́ National Library of Nigeria lẹ ti máa gbà á. Òfin tún ní kí ẹ̀dà mẹ́ta ìwé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wọn fún ìpamọ́, ẹ má fojú di ìyẹn, torí ibẹ̀ ni ọmọ tí wọn ò tíì bí ti máa rí i. Ẹ kó mẹ́wàá fún láíbìrì sùkúù tó wà lágbègbè yín, kẹ́ ẹ bẹ tíṣà Yorùbá ibẹ̀ kó pè yín lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ kà á fáwọn ọmọ. Tí 50 yẹn bá tán, ẹ tẹ 50 míì.